Ṣéèhù Yacouba Sylla (1906–1988): Híjírà, Oko Dídá àti Òmìnira Mùsùlùmí ní Côte d'Ivoire

Ìfáárà

Ìlú Bouaké wà ní àárín orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan, níbi tí igbó ti ń tán tí ilẹ̀ ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú irin tí ìjọba amúnisìn Faransé ń là láti etí òkun dé ibẹ̀ ní ọdún 1912, ìlú náà di oríta tí àwọn Júlà, àwọn Sóníńkè, àwọn Haúsá àti àwọn ará òkè mìíràn ti ń pàdé àwọn ará igbó. Àwọn Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, tí àwọn onílùú sì ń pè wọ́n ní Ànàgó. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ọjà títà ni iṣẹ́ wọn, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n sì fi ṣe ìyá àti bàbá ní àjò.

Ohun tí ó ń lé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kúrò nílé kò ṣòro láti mọ̀. Owó orí kì í dínkù nígbà tí owó irè oko bá já wálẹ̀. Iṣẹ́ àfipáṣe ń gba ọ̀dọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Gbèsè ìgbéyàwó ń sọ ọkùnrin di ẹrú olówó. Ẹni tí gbogbo èyí bá sì dé bá, yóò wá ibi tí ẹlòmíràn kò ti ní í máa pàṣẹ oúnjẹ òòjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ dáhùn nígbà tí ó bá ti ṣí kúrò: ọ̀nà wo ni yóò gbà tí kò fi ní í kúrò lábẹ́ ọ̀gá kan bọ́ sábẹ́ ọ̀gá mìíràn?

Ní Bouaké, ọjà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi dáhùn ìbéèrè náà. Ní Gagnoa, ìlú kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bouaké, nínú igbó àwọn Bété, ọkùnrin kan tí ìjọba lé kúrò nílé dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú oko, àpò owó kan ṣoṣo àti ilé kan náà fún gbogbo ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ṣéèhù Yacouba Sylla. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni kókó àpilẹ̀kọ yìí, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí ìtàn náà gbé ka iwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn.

Nioro àti Ọ̀nà Ṣéèhù Hamallah

Wọ́n bí Yacouba Sylla ní nǹkan bí ọdún 1906 ní Nioro du Sahel, ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè tí ó ń jẹ́ Mali lónìí. Ọmọ Sóníńkè ni. Kì í ṣe ìlú kékeré ni Nioro jẹ́ nínú ìtàn Ìsìláàmù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Al-Hajj Umar Tall gba ìlú náà nínú ogun jíháàdì rẹ̀ ní ọdún 1855, àwọn ọmọ àti ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì di aṣíwájú ọ̀nà Tijániyyah níbẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn Faransé gbà á ní ọdún 1891. Lẹ́yìn èyí, àwọn aṣíwájú wọ̀nyí bá ìjọba tuntun náà rìn pọ̀, ìjọba sì ń wò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àáfà kan tí ń jẹ́ Sidi Muhammad al-Akhdar wá sí Nioro. Ohun tí ó wá tún ṣe ni ọ̀rọ̀ Jawharatul-Kamal, àdúà tí gbogbo oní-Tijániyyah mọ̀. Ó ní igba mọ́kànlá ni kí wọ́n máa kà á, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjìlá gẹ́gẹ́ bí ó ti di àṣà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Hamallah, tí í ṣe ṣàrífù, ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lójú ẹni tí kò sí nínú ọ̀nà náà, ìyàtọ̀ láàárín mọ́kànlá àti méjìlá lè dàbí ohun kékeré. Ní Nioro, kò kéré rárá. Ẹni tí ó bá ka mọ́kànlá ti kúrò lábẹ́ àṣẹ àwọn tí wọ́n ń ka méjìlá, àwọn tí wọ́n ń ka méjìlá sì ni ọ̀rẹ́ ìjọba. Ṣéèhù Hamallah kì í lọ kí ajẹ́lẹ̀, kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í bá a ṣọ̀tá ní gbangba. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ba ìjọba lẹ́rù. Ní ọdún 1925, lẹ́yìn ìjà kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ní Nioro, wọ́n lé e lọ sí Méderdra ní ilẹ̀ Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Wọn kò gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn ọmọ ilẹ̀ nígbà náà fún gómìnà àgbà ní agbára láti ti ènìyàn mọ́lé tàbí lé e kúrò nílùú láìsí ìdájọ́.

Inú afẹ́fẹ́ yìí ni Yacouba Sylla dàgbà sí. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìbáṣepọ̀ òun àti Ṣéèhù Hamallah. Àwọn kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Hamallah sọ pé Ṣéèhù kò rán an ní iṣẹ́ kankan. Àwọn ọmọlẹ́yìn Yacouba fúnra wọn sọ pé Ṣéèhù mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Ohun tí ó dájú ni pé Yacouba kò pe ara rẹ̀ ní ohun mìíràn ju ọmọ-ẹ̀yìn Hamallah lọ títí ó fi kú.

Ìwàásù ní Kaédi

Ní ọdún 1929, Yacouba dé Kaédi, ìlú kan ní etí odò Senegal ní gúúsù Mauritania. Àwọn Sóníńkè tí wọ́n wà ní àdúgbò Gattaga ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà ìṣòro ni ìgbà náà. Eṣú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oko láti nǹkan bí ọdún 1928, ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1929 sì fẹ́ ba owó irè oko jẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso. Síbẹ̀, inú ìlú pàápàá kò tòrò. Àwùjọ Sóníńkè pín sí ọmọ bíbí inú, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹrú. Ìjọba Faransé ti fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1905, ṣùgbọ́n ọmọ ẹrú ṣì ń jẹ́ ọmọ ẹrú lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Kò lè fẹ́ ọmọ bíbí inú, a kì í sì í fi jókòó níwájú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ sọ̀dáàkì. Owó tí ọkùnrin ń san kí ó tó fẹ́yàwó ti ga débi pé ọ̀dọ́ ní láti kúrò nílé lọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí kí ó jẹ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn àgbà. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń fi wúrà díje, àwọn ọkọ sì ń ta màlúù láti ra wúrà náà.

Yacouba fi ìwàásù kan ṣoṣo kan gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ó ní kí wọ́n dín sọ̀dáàkì kù títí tí tálákà yóò fi lè san án, kí ó sì jẹ́ iye kan náà fún gbogbo obìnrin. Ó ní kí àwọn obìnrin yọ wúrà kúrò lára, kí wọ́n sì wọ aṣọ tí ó bo ara. Nínú ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń sọ, ìran Fátímà ọmọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni ó rí tí ó fi pe àwọn obìnrin sí èyí. Ó pe gbogbo ènìyàn sí ìtúúbá, àwọn mìíràn sì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn ní gbangba. Ó sì fi ọmọ ẹrú àti ọmọ bíbí inú jókòó lórí ẹní kan náà.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ lé e ni àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí ìran wọn ti jẹ́ ẹrú rí. Kò sì yani lẹ́nu pé àwọn olówó, àwọn baálé àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn àáfà Gattaga kò fẹ́ ẹ. Ìjẹ́wọ́ ní gbangba ń tú àṣírí ilé, sọ̀dáàkì kékeré ń gba agbára lọ́wọ́ àgbà. Ní ti òfin Ṣẹ̀ríà, mẹ́síabù Màlíkì tí gbogbo wọn ń lò kò fi òpin sí bí sọ̀dáàkì ṣe lè pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ó fi ìdámẹ́rin dínárì tàbí dírhámù mẹ́ta ṣe èyí tí ó kéré jùlọ. Ohun tí Yacouba ń béèrè kò kúrò nínú òfin. Ohun tí ó kúrò nínú rẹ̀ ni àṣà, àṣà yìí sì ni ìpìlẹ̀ ọrọ̀ àwọn kan.

Ọjọ́ 15 Oṣù Kejì Ọdún 1930

Kí oṣù Kejì ọdún 1930 tó dé ìdajì, ìjọba ti lé Yacouba kúrò ní Kaédi. Wọ́n rò pé bí olórí bá ti lọ, ọ̀rọ̀ yóò rọ̀. Kò rọ̀. Láàárín oṣù Ramadan ọdún 1348 Híjírà, èdèkòyédè láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò di ìjà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1930, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba yìnbọn sí àárín àwọn ọmọlẹ́yìn náà. Ó kéré tán, ènìyàn 19 ni ó kú.

Ìwé ìjọba sọ pé àwọn ọmọlẹ́yìn ni wọ́n dìde ogun. Ìtàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn sọ pé àwọn ni wọ́n ń kọlù kí ọjọ́ náà tó dé, pé wọn kò rí ẹni gbà wọ́n sílẹ̀. Yacouba fúnra rẹ̀ kò sí nílùú. Òótọ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò tún dá wà láìsí ẹ̀jẹ̀ Kaédi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba fún ìgbà pípẹ́.

Ìyà tí ó tẹ̀ lé e tóbi. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin lọ sí ẹ̀wọ̀n àti sí ìgbèkùn káàkiri àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Àwọn ìdílé mìíràn ní láti fi Kaédi sílẹ̀. Ìjọba tún di ẹ̀bi ru Ṣéèhù Hamallah tí ó wà ní àhámọ́ ní Méderdra ní gbogbo àsìkò náà. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí Adzopé, nínú igbó gúúsù Côte d'Ivoire, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1935. Wọ́n gbé Yacouba náà lọ sí Côte d'Ivoire, sí Sassandra ní etí òkun.

Láti Ìgbèkùn sí Híjírà

Lójú ìjọba, igbó Côte d'Ivoire jẹ́ ibi tí Mùsùlùmí ará aṣálẹ̀ kò ti lè rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òjò pọ̀ níbẹ̀, ibà pọ̀, àwọn onílẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí, èdè wọn kò sì yé àwọn tí wọ́n kó wá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ṣéèhù Amadu Bamba ti Senegal, tí wọ́n lé lọ sí Gabon ní ọdún 1895, yóò rántí pé èrò kan náà ni wọ́n ní nípa tirẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò.

Nígbà tí ìdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní àárín àwọn ọdún 1930, Yacouba kò sáré padà sí Nioro tàbí Kaédi. Ó yan Gagnoa. Ìpinnu yìí ni ọ̀pá tí gbogbo ìtàn rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ilé kò tíì yọ nínú ìbínú. Àwọn tí wọ́n kọ̀ ọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìjọba ṣì ń ṣọ́ ọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbẹ. Ní Gagnoa, igbó wà, kòkó àti kọfí ń ṣe dáadáa, ọjà tuntun ń ṣí, àwọn olówó ìlú kò sì tíì wà níbẹ̀ tí wọn yóò máa pín ènìyàn sí ọmọ àti ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìjọba pè ní ìyà di híjírà nípa àníyàn ọkàn.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Hádíìsì ni ó mọ̀ pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́, àti pé híjírà ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: ẹni tí ó ṣí nítorí Ọlọ́hun yóò rí i, ẹni tí ó ṣí nítorí ayé tàbí ìyàwó yóò gba ohun tí ó wá. Ìṣòro tí ó wà nínú ìtàn Yacouba ni pé ohun méjèèjì wà papọ̀. Ó ń wá ibi tí ẹ̀sìn yóò ti dúró, ó sì ń wá ibi tí oúnjẹ yóò ti pọ̀. Lójú tirẹ̀, èkejì ni ọ̀nà sí èkíní. Ẹni tí ọlọ́rọ̀ ń bọ́ kò lè kọ̀ fún ọlọ́rọ̀, ẹni tí ìjọba ń bọ́ kò sì lè sọ̀rọ̀ òdodo níwájú ìjọba.

Ìṣètò Ìgbé Ayé ní Gagnoa

Àwọn tí wọ́n yè nínú ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìdílé tí wọ́n wà ní Kaédi náà sì tẹ̀ lé wọn. Àpò kan ni wọ́n ní. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá rí, inú àpò náà ni yóò lọ. Láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ, oògùn àti owó ìgbéyàwó ti ń jáde. Kò sí ẹni tí ó ní oko tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú sáwíyà, ọmọ bíbí inú ń fẹ́ ọmọ ẹrú, sọ̀dáàkì kò sì ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè san.

Oko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé igbó, wọ́n gbin kòkó àti kọfí. Lẹ́yìn oko ni ìṣòwò, lẹ́yìn ìṣòwò ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó irè oko àti èrò. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n sì ṣí ilé sinimá sí Gagnoa. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí rọrùn. Ẹni tí ó ní oko nìkan wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀, nítorí pé òun ni yóò dá iye tí yóò ra kòkó. Ẹni tí ó ní oko àti ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ alágbàtà. Bí owó kòkó bá já, ọkọ̀ yóò mú owó wọlé. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ilé ìtajà yóò gbé wọn ró.

Ohun kan tún wà tí ó mú wọn yàtọ̀ sí àwọn olóko mìíràn. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, pàápàá láti ọdún 1940 sí 1942 tí ìjọba Vichy wà lórí oyè, àwọn òyìnbó olóko ni ìjọba ń fi ipá kó òṣìṣẹ́ fún, àwọn olóko aláwọ̀ dúdú kò sì rí. A tilẹ̀ ń kó àwọn olóko dúdú pàápàá kúrò lóko wọn lọ sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní Gagnoa, àwọn ọmọlẹ́yìn ni òṣìṣẹ́. Ìfẹ́ inú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì dúró de ẹni tí ìjọba yóò fi okùn fà wá fún wọn.

Nígbà tí ọrọ̀ wọn hàn, ọ̀rọ̀ ìjọba yí padà. Ọkùnrin tí ìwé wọn ti pè ní elésìn líle àti adárúgúdù sílẹ̀ di ẹni tí ajẹ́lẹ̀ ń yìn gẹ́gẹ́ bí olóko àti oníṣòwò tí ó mọ iṣẹ́. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà, Sean Hanretta, tí ó kọ ìwé lórí àwùjọ yìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, fi hàn pé àpèjúwe méjèèjì sọ púpọ̀ nípa ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ìjọba ju bí wọ́n ti sọ nípa Yacouba lọ.

Ìdààmú Ọ̀nà Hamallah àti Ọ̀rọ̀ Òṣèlú

Nígbà tí Gagnoa ń gbèrú, ìyà ń jẹ àwọn ará ọ̀nà náà níbòmíràn. Ní ọdún 1937, Cerno Bokar Tall ti Bandiagara, àáfà ńlá láti inú ìdílé Umar Tall fúnra rẹ̀, lọ bá Ṣéèhù Hamallah ní Nioro, ó sì gba mọ́kànlá. Àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìjọba ń ṣọ́ ilé rẹ̀, ó sì kú nínú ìdánìkanwà ní ọdún 1940. Ní ọdún 1941, lẹ́yìn ìjà kan tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní ẹkùn Nioro, wọ́n tún mú Hamallah. Wọ́n gbé e lọ sí Àlùjíríà, láti ibẹ̀ sí Faransé, ó sì kú ní Montluçon ní oṣù Kìíní ọdún 1943. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ó kú.

Yacouba kò gbẹ̀san. Ó ti rí Kaédi, ó sì mọ ohun tí ìbọn ń ṣe. Ọ̀nà tí ó gbà ni láti jẹ́ kí ilé rẹ̀ lágbára débi pé kò ní í rọrùn láti tú u ká. Èyí ni ó mú un sún mọ́ Félix Houphouët-Boigny, dókítà àti olóko ará Yamoussoukro, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn olóko aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní ọdún 1944, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí òfin tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní ọdún 1946. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú RDA sílẹ̀ ní Bamako ní oṣù Kẹwàá ọdún 1946, Yacouba wà lára àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n tì í lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì dúró títí lẹ́yìn tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọdún 1960 tí Houphouët-Boigny sì di ààrẹ.

Ní àwọn ọdún kan náà, àwọn Mùsùlùmí Bouaké ń gba ọ̀nà tiwọn. Ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, tí El Hadj Kabiné Diané jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn padà sí Àlùkùránì àti Súnnà. Wọ́n ń bá àwọn ará ọ̀nà Súfí jà, wọ́n ń ká ọwọ́ sí àyà nínú ìrun, wọ́n sì ń fi èrè ọjà wọn kọ́ ọmọ ní Lárúbáwá. Lójú wọn, sáwíyà bíi ti Gagnoa kún fún àṣìṣe. Síbẹ̀, ohun kan so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀: wọn kò fẹ́ kí àáfà máa jẹun láti ọwọ́ ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ ìnáwó àṣejù níbi ìgbéyàwó àti òkú.

Àwọn Ìbéèrè tí Ìtàn Yìí Gbé Dìde

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wà lórí àpò kan ṣoṣo. Ìsìláàmù fi ọwọ́ sí ohun ìní ẹnì kọ̀ọ̀kan: sàká kò lè wà láìsí ẹni tí ó ní, ogún kò sì lè wà láìsí ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá jẹ́ ti sáwíyà, kí ni ọmọ yóò jogún? Àwọn tí wọ́n gbè lẹ́yìn Yacouba lè tọ́ka sí àwọn Ash'ariyyun, tí Hádíìsì tó yè kooro sọ pé bí oúnjẹ wọn bá ń tán, wọn a kó gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ kan, wọn a sì pín in dọ́gba, tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà ìṣòro ni ìyìn náà wà fún, kì í ṣe òfin ayérayé. Èyí tí ó bá Ṣẹ̀ríà mu jù ni láti ka ètò Gagnoa sí sàárà tí ènìyàn fi inú dídùn ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó wọlé bá lè jáde, kò sí ìlòdì. Níbi tí kò bá ti lè jáde, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn.

Ìbéèrè kejì wà lórí àṣẹ. Yacouba tú àṣẹ àgbà ilé ká ní Kaédi. Ní Gagnoa, òun ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó ń so ọkọ àti aya pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ àpò wà. Ọmọ ẹrú bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ ṣéèhù rẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn yóò sọ pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó fà ọ́ àti ẹni tí o tẹ̀ lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yìí so mọ́ ìwà ẹnì kan, ìwà ènìyàn kì í sì í jẹ́ ogún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìjọ Kristẹni tí wọ́n tẹ Aiyétòrò dó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ọdún 1947 dá irú àpò kan náà. Wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì là. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ohun ìní padà sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí àwọn olùdásílẹ̀ bá ti ń dàgbà ni a máa ń mọ bí àpò kan ṣe lágbára tó.

Ìbéèrè kẹta wà lórí sinimá. Àáfà púpọ̀ kò lè gbọ́ pé ṣéèhù ní ilé sinimá kí wọ́n má bínú. Ẹni tí ó lé wúrà kúrò lára obìnrin ní Kaédi ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àwòrán ní Gagnoa. Ìdáhùn kan ni pé owó ni wọ́n fi í wá, kì í ṣe ìjọsìn. Ìdáhùn yìí kò tó fún ẹni tí ó mọ̀ pé hàláàlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí owó ń lọ nìkan, bí kò ṣe ibi tí ó ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ìwákiri òmìnira ọrọ̀ ajé ní ìdánwò tirẹ̀.

Ìbéèrè kẹrin ni ti ilẹ̀. Kò sí igbó tí kò ní olówó. Ilẹ̀ Gagnoa jẹ́ ti àwọn Bété, tí wọ́n gba àlejò láyè láti dáko ní ìbámu pẹ̀lú àṣà wọn. Nígbà tí àlejò pọ̀, tí kòkó sì di owó, ìkùnsínú dé láàárín onílẹ̀ àti àlejò ní gbogbo ẹkùn náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán nílẹ̀ títí di ìgbà ogun abẹ́lé ti ọdún 2002. Híjírà Mẹ̀dínà kò parí sí dídé àwọn Muhájírúnà. Àdéhùn láàárín wọn àti àwọn Ànsáárù ni ó gbé e dúró. Àlejò tí ó bá ń wá òmìnira gbọ́dọ̀ ro òmìnira ẹni tí ó gbà á sílé pẹ̀lú.

Ìgúnlẹ̀

Ṣéèhù Yacouba Sylla kú ní ọdún 1988, lẹ́yìn tí ó ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ ní Côte d'Ivoire. Sáwíyà Gagnoa kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n yè ní Kaédi ṣì ń pàdé níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìtàn àwọn tí ìbọn pa àti àwọn tí ẹ̀wọ̀n pa.

Abdur-Rahman ọmọ Awf, nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà láìní nǹkan kan, tí arákùnrin rẹ̀ nínú ẹ̀sìn fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún un, dúpẹ́, ó sì béèrè ọ̀nà ọjà. Ọ̀nà yẹn ni àwọn Júlà àti àwọn Ànàgó gbà ní Bouaké, ó sì bọ́ ilé púpọ̀ ní Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ọjà nìkan jẹ́ gbòǹgbò wọn níbẹ̀ rí i pé a lè ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kan. Oko náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé kò ṣeé dì lẹ́rù. Kò sí ọ̀nà kan nínú méjèèjì tí ó gba ènìyàn lọ́wọ́ àdánwò.

Ohun tí ìtàn Yacouba fi kún ti ọjà ni pé òmìnira kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tí ó ṣí kúrò nílé pẹ̀lú gbèsè sọ̀dáàkì, pẹ̀lú ìgbéraga ìran àti pẹ̀lú ìdíje wúrà, ti gbé ìlú tí ó sá fún dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn ará Kaédi kọ́kọ́ jù wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó rí ilẹ̀ Gagnoa, wọ́n sì san iye rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí. Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn tí wọ́n ti lọ, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ń ṣeni láǹfààní jíǹkí àwọn tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn.